Ta Ló Ni Ojú Eyínfúnjowó?

Olùbéèrè, ẹ̀rọ ìjọba, nu ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, ó kí gbogbo ilé, ó sì béèrè ohun tó ti ń béèrè láti ọdún méje.

"Ta ló ni ojú yìí?"

Bàbá Oyèékàn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúòjò ṣe, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju kó wá wo fíìmù lọ́jọ́ Ẹtì, sọ lábẹ́lẹ̀ pé Ìyàwó Ìjọba tún ti dé, kí wọ́n wá àga fún un. Àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ náà kò mọ ẹ̀rín. Ó ga tó ewúrẹ́ tó fi ẹsẹ̀ méjì dìde já ewé, àwọ̀ ewé náà ni wọ́n sì kùn ún. Ó wúwo débi pé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ Ìrágbìjí, àwọn òkè tó yí ìlú ká ní láti yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó tó ráyè kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé irọ́ ni, ẹ ní kó lọ wọn àwọn òkè náà.

Ojú tí ó ń béèrè wà lára ògiri, ó dúró sójú kan. Ojú ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ni, eyín rẹ̀ sì funfun tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í tan iná gbọ̀ngàn nígbàkígbà tí ó bá wà lára ògiri.

Fadérera ló yẹ kó dáhùn, nítorí òun ni olùtọ́jú Ilé Àwòrán Àtijọ́. Obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, oníwà pẹ̀lẹ́, orí rẹ̀ sì tóbi. Orí náà kì í ṣe kékeré rárá. Gèlè méjì ni ó máa ń so pọ̀ kí ọ̀kan tó yí i po, Bàbá Oyèékàn sì máa ń sọ pé bí òun bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, alẹ́ ti lẹ́ fún òun nìyẹn.

"A ò tíì rí i," ni Fadérera wí. "Eyínfúnjowó ni wọ́n kọ sí ìparí fíìmù. A ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà ti wá a nínú gbogbo ìwé orúkọ tó wà láyé," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, ní Bàháyà lókè òkun. Ajá ni. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò dáhùn."

Ó wá ṣàlàyé, bí ẹni tó ń ka ìwé, pé tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní bá lù, ọdún méje pé. Tí òun kò bá tíì gbọ́ orúkọ olójú nígbà náà, ojú yìí di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè gbà á padà títí láé. Ó sọ ọ́ tán, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Fadérera yí ẹ̀yìn sí i kó má baà rí i pé inú òun ń dùn. Ó ti ń ka ọjọ́ de òní láti ọdún méje.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Òfin Ojú ti fojú fíìmù rí nǹkan. Ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá wà nínú fíìmù àtijọ́, tàbí ọmọ onítọ̀hún, tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀, lè wá sọ pé òun fẹ́ gba ojú òun padà. Olùbéèrè yóò sì gé gbogbo ibi tí ojú náà bá ti yọ, kúrò nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà láyé, títí kan èyí tí ẹnìkan ń lá lójú oorun lọ́wọ́. Fíìmù ọba kan wà tó gùn tó wákàtí mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọmọ ẹni tó ṣe ọba wá gba ojú bàbá bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ ìjòyè tẹ̀lé e. Nísinsìnyí, bí ẹ bá sín nígbà tó bẹ̀rẹ̀, yóò ti parí kí ẹ tó nu imú. Ìtẹ́ kan àti ẹṣin kan ló kù níbẹ̀, ẹṣin náà kò sì ní ọmọ tó lè bá a béèrè.

*Ọbẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì* nìkan ṣoṣo ló kù ní odindi. Ìrágbìjí níbí ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá ti ṣe é ní ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn, láyé ìgbà tí èèyàn ṣì ń fọwọ́ di fóònù mú, tí wọ́n ń wò ó títí wọ́n fi ń rìn wọ gọ́tà. Ọmọbìnrin ojú ara ògiri yìí ló ṣe ìyálé nínú rẹ̀, ìyálé tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, tó sì lọ ra májèlé sínú ọbẹ̀ orogún rẹ̀. Bí ó ti ń ra májèlé náà bọ̀, ó gba iwájú ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kọjá. Ọkùnrin náà kì í ṣe òṣèré. Ó ń fẹ́ táyà ni tirẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sọ nǹkan kan, ìyálé náà bú sẹ́rìn-ín. Orin bo ohùn wọn mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí ó sọ.

Bàbá Fadérera ni ọkùnrin náà.

Ó kú nígbà tí Fadérera wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Àkúnya omi tó wọ ìlú lọ́dún tó tẹ̀lé e kó gbogbo àwòrán ilé wọn lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá tó wà nínú fíìmù yẹn ni gbogbo ohun tó kù tí ó fi mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbójú sókè. Ó ti wò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri fi ní kòtò níbi tí ojú rẹ̀ máa ń bà lé. Bí aago mẹ́rin bá ti lù láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sí agbára kan láyé tó tún lè gé e mọ́.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ gbọ̀n, ohùn sì jáde nínú rẹ̀. Ẹniọlá ni, ìyàwó tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ láti Ìgbájọ.

"Olójúẹlẹ́gẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ẹ máa yà sọ́dọ̀ wa jẹun tẹ́ ẹ bá ń lọlé?"

Fadérera ní òun máa yà, ó dúpẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀rín mú un. Oṣù mẹ́ta péré ni Ẹniọlá dé ilé wọn, láti ọ̀kan nínú ìdílé díẹ̀ tó ṣẹ́kù tí ìyàwó kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu lásán pe orúkọ ọmọ ilé. Ọ̀sẹ̀ tó dé ló ti wo àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tó sì sọ kálukú lórúkọ. Èyí tó máa ń hanrun bí ẹ̀rọ amúòjò, Akọ̀wé ni ó pè é. Fadérera ní tirẹ̀ di Olójúẹlẹ́gẹ́. Ó dùn mọ́ ọn pé ojú ni ìyàwó rí tí kò rí orí. Kí Olùbéèrè wá Olójúẹlẹ́gẹ́ títí dé Bàháyà, ajá ni yóò tún bá níbẹ̀.

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ó yíjú sí ògiri. Mopélọ́lá tó ṣe fíìmù yìí kì í ṣe ọmọ Ìrágbìjí. Ìyàwó ni, ilé Arówólò ni ó fẹ́ sí. Nígbà tí ó jókòó láti kọ orúkọ àwọn òṣèré sí ìparí, ṣé ó lè kọ orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ìhòòhò kí gbogbo ayé máa kà á? Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó jẹ bírò náà. Orúkọ tí ó ń pè é nínú ilé ni ó kọ.

Fadérera sì mọ ilé Arówólò dáadáa nínú ìwé. Ọkọ Mopélọ́lá ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Àyọ̀ká ló ń jẹ́.

Lórí àga ìkẹyìn ní gbọ̀ngàn yẹn gan-an, ìyá arúgbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Màmá Àyọ̀ká, Àyọ̀ká sì ni orúkọ òun fúnra rẹ̀. Kùmásí ló ti dé ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá, tòun ti abọ́ kékeré kan tó ní ọmọrí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, ìborùn ni ó fi máa ń bo ẹnu. Láàárín ìlẹ̀kẹ̀ funfun ọrùn rẹ̀, ẹyọ pupa kan wà. Gbogbo ọmọdé ló mọ ìtumọ̀ ẹyọ pupa: olè ojú, ẹni tó fẹ́ gba ojú tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí Màmá bá ń kọjá, Bàbá Oyèékàn á fa àpò rẹ̀ mọ́ra.

Fadérera lọ jókòó tì í. Ó béèrè àlàáfíà ara, ó béèrè orúnkún, ó bá a sọ̀rọ̀ òjò tí ìjọba rọ̀ lánàá tó ń rùn bí ọṣẹ. Màmá dáhùn gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìborùn.

"Màmá," ni Fadérera wí, "ìyàwó ilé yín tó ń jẹ́ Mopélọ́lá, kí ni ó máa ń pè yín?"

Màmá kò gbé ojú kúrò lára ògiri.

"Eyínfúnjowó," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kú."

Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ẹni ọdún méjìlélógún ni òun nígbà náà, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun wá ṣeré nínú fíìmù, òun ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tí fíìmù jáde, kíkún ni ìkòkò òun ń lọ, kíkún ni ó ń bọ̀. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Òun fún ọmọ kan ní ẹ̀pà, wọ́n gbé ọmọ náà dé ọsíbítù mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ó tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu kan ohun tí òun sè, òun sá lọ sí Kùmásí. Fíìmù ti dé ibẹ̀ ṣáájú òun. Onílé tí òun kọ́kọ́ bá wo òun títí, ó dìde, ó lọ ti ilé ìdáná pa. Màmá ní àwọn ìkòkò ọbẹ̀ ìlú yẹn, bí wọ́n bá rí òun lọ́ọ̀ọ́kán, ṣe ni wọ́n ń dé ara wọn.

Nígbà tí Òfin Ojú dé, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà wálé láti wá gba ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wo ìwé, ó ní kò sí Àyọ̀ká nínú fíìmù yìí.

"Mo ní kó wo ojú mi. Ó ní òfin ò gbà kóun wo ojú èèyàn, orúkọ nìkan lòun ń wò. Mo ní Eyínfúnjowó ni mí. Ó ní ta ni ẹlẹ́rìí. Ta ni n bá pè, ọmọ mi? Àwọn tó mọ orúkọ yẹn, orí ibojì wọn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ amúòjò lé." Ó fọwọ́ kan ẹyọ pupa náà. "Ó wá fi èyí sí mi lọ́rùn. Lójú ìlú, májèlé ni mí. Lójú ìjọba, olè. Kò burú, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí."

Kò bẹ̀ ẹ́, kò béèrè ohunkóhun. Ìyẹn ló wúwo jù. Bí ẹlẹ́rìí mìíràn kò bá sí, ọ̀rọ̀ olùtọ́jú Ilé Àwòrán nìkan ni òfin gbà, olùtọ́jú kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé náà.

Fadérera padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó to àwọn páálí fíìmù, ó tú wọn, ó tún wọn tò. Aago mẹ́ta lù. Bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, kò purọ́, kò jalè, aago yóò lù, bàbá rẹ̀ yóò máa fẹ́ táyà títí ayé. Òun kọ́ ló fi ẹyọ pupa sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìkẹfà kò sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá dìde lọ mu omi. Bàbá Oyèékàn fa àpò rẹ̀ mọ́ra, bó ti máa ń ṣe, kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ dúró.

Nígbà tí ó ku ìdajì wákàtí, Fadérera padà lọ sí àga ìkẹyìn.

"Màmá, ọkùnrin tó ń fẹ́ táyà yẹn, bàbá mi ni. Mi ò ní àwòrán rẹ̀ mìíràn."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ ni Màmá Àyọ̀ká yíjú sí i. Ó wò ó láti ẹsẹ̀ dé gèlè, ó sì dúró ní gèlè.

"Ìwọ ni," ni ó wí.

"Èmi wo, mà?"

"Ọkùnrin yẹn kò mọ̀ pé à ń ya fíìmù. Mo ń kọjá lọ pẹ̀lú ojú burúkú tí Mopélọ́lá ní kí n ṣe, ó wò mí, ó ní, 'Àǹtí, ẹ tújú ká, ìyàwó mi bí obìnrin láàárọ̀ yìí. Orí ọmọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé mo ní láti fẹ́ táyà yìí dáadáa kí n tó lè gbé e wálé.' Ẹ̀rín pa mí. Kò sí nínú eré rárá. Mopélọ́lá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Fadérera gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì jáde lójú rẹ̀ nígbà kan náà, tí kò fi mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ nù. Nígbà tí ó nù ún tán, ó dìde, ó rìn lọ bá Olùbéèrè.

"Mo mọ ẹni tó ni ojú yìí," ni ó wí.

Ó nàka sí Màmá, ó sì ṣàlàyé fún ẹ̀rọ náà pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ lórúkọ mìíràn tó bá ẹwà rẹ̀ mu ni.

"Ìyẹn kò sí nínú òfin," ni Olùbéèrè wí.

"Ó ti wà kí òfin tó dé."

Ẹ̀rọ náà ronú. Ó ronú tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi wálẹ̀ láti Ìrágbìjí títí dé Ìkìrun. Ó béèrè iye irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó lè wà. Fadérera ní kó lọ ka iye ìyàwó tó wà. Ẹ̀rọ náà ní ṣé Fadérera mọ̀ pé bó bá jẹ́ irọ́, ẹyọ pupa ni yóò bọ́ sí ọrùn rẹ̀ náà. Fadérera ní òun mọ̀, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí àyà ẹ̀rọ náà. Lọ́rùn Màmá Àyọ̀ká, ẹyọ pupa ṣá, ó ṣá, ó di funfun.

"Eyínfúnjowó," ni Olùbéèrè wí, "ṣé kí ojú yín wà níbẹ̀, tàbí kí n gé e?"

Fadérera ni Màmá wò.

"Ìwọ lo fún mi ní orúkọ mi padà. Bí o bá ní kí n fi sílẹ̀, màá fi sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, Fadérera sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó ti wà ní orí ahọ́n rẹ̀, ó dùn bí oyin.

"Ojú yín ni, Màmá," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe tèmi."

Màmá mi orí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Olùbéèrè yọ̀ǹda ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, kò fi ọ̀kan lé e. Lára ògiri, ọkùnrin náà ń fẹ́ táyà, ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Fadérera gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ, láìsí ohùn, ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibi orí. Ìyálé bú sẹ́rìn-ín.

"Gé e," ni Màmá Àyọ̀ká wí.

Kò pariwo. Ògiri kàn funfun ni. Nígbà tí wọ́n tún fi ìyókù *Ọbẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì* hàn, kò ju ìkòkò kan tó ń hó lọ, àti ọkọ kan tó ń dúpẹ́ oúnjẹ tí kò sẹ́ni tó sè é. Bàbá Oyèékàn dìde, ó sì fi ẹ̀hónú hàn pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà ni òun mọ̀ lórí, kí ni òun yóò wá fi wọ́n ṣe báyìí?

Màmá gbé abọ́ rẹ̀ lé orí itan, ó ṣí ọmọrí. Èkuru ni, funfun, ó ṣì ń gbóná díẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun kò gbàgbé, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni òun ń sè é, òun nìkan ni òun sì ń jẹ ẹ́. Kò wo ojú Fadérera. Ó kàn ti abọ́ náà sún díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, díẹ̀ báyìí, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá fẹ́ rí i lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń wò wọ́n. Wọ́n ti mọ ẹni tí Màmá jẹ́ wàyí, ìyálé tó ra májèlé. Fadérera jókòó tì í nínú ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń bọ̀ láti ara ògiri, ó bù nínú èkuru náà, ó fi sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ láìyára, kó lè dá gbogbo ayé lójú pé ó gbé e mì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó, mà," ni ó wí.

Màmá Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé ìborùn. Eyín díẹ̀ ti lọ, àwọn tó kù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí wọn.

Lórí àga iwájú, Bàbá Oyèékàn wò wọ́n títí. Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò láyà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì dìde wá, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí ibi abọ́.